Abala Keje Tí Ọwọ́ Sabina Fò Kọjá

Ọwọ́ Sabina kì í ṣìnà. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn lélẹ̀ ná, nítorí àwọn kan wà ní Ṣómólú yìí tí wọ́n ń sọ kiri pé ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọdún kọkànlá rèé tí èmi Rashidat àti òun ti jọ ń yí tábìlì kan náà po ní ilé ìtẹ̀wé Ọ̀gá Ọládiméjì, mi ò sì rí i kí ó ṣi ìwé kó rí, àfi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo fẹ́ sọ yìí.

Iṣẹ́ wa kò le láti ṣàlàyé. Bí ẹ̀rọ bá ti tẹ bébà ńláńlá tán, àwa la ó ká a, a ó tún un ká títí bébà kan yóò fi di ojú ìwé mẹ́rìndínlógún. Èyí tí a ká tán yẹn là ń pè ní abala. A ó to òkìtì abala kọ̀ọ̀kan sí etí tábìlì, a ó wá máa rìn yí tábìlì náà po, a ó mú ọ̀kan níbí, a ó mú ọ̀kan lọ́hùn-ún, títí ìwé kan yóò fi pé lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn náà a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè rìn lójú kan náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ó má wulẹ̀ wá. Abala kọ̀ọ̀kan ní àmì dúdú kékeré ní ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí a ti ká a, àmì yìí sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti orí abala kan dé èkejì. Bí ìwé bá pé, ẹ̀yìn rẹ̀ á rí bí àtẹ̀gùn. Bí àtẹ̀gùn náà bá fo ẹsẹ̀ kan, abala kan kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá máa ń gbé ìwé tèmi sójú lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó fi gọ́ọ̀mù sí i, kì í sì í wo ti Sabina rárá. Ó máa ń bí mi nínú.

Ìlàjẹ ni Sabina, láti etí òkun lọ́hùn-ún ní Oǹdó. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀, Raphael Ikúmápàyí, dé Bàrígà, tí wọ́n ri òpó mọ́ inú ọ̀sà, tí wọ́n sì fi pákó kọ́lé lé e lórí. Apẹja ni Raphael. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ni Delight, ó ti pé ọdún méjìlá. Mo ti dé ilé náà rí, àyà mi sì ń já bí mo ṣe ń tẹ pákó tóóró tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà, nítorí pé ilẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ilẹ̀ ìdílé wa ní Pedro, orí rẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ kú sí. Sabina ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, Raphael wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde ní ìdájí, kò sì padà. Àwọn apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ọkọ̀ náà tó ń léfòó nítòsí afárá. Àwọ̀n wà nínú rẹ̀, fìlà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ike omi tó gbé lọ wà níbẹ̀, òun nìkan ni kò sí. Wọ́n wá a fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n wá a títí dé ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun, wọn ò rí nǹkan kan.

Sabina kò sunkún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó padà síbi iṣẹ́, ó kí wa, ó bọ́ bàtà rẹ̀ bó ṣe máa ń bọ́ ọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká bébà. Tí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú àjálù, á ní Raphael ò tíì dé ni. Kò bínú, kò ké, ohùn tó fi ń béèrè pé ta ló mú ọ̀bẹ náà ló fi ń sọ ọ́. Tó bá di àkókò oúnjẹ ọ̀sán, á tẹ nọ́ńbà ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, á gbọ́ obìnrin inú fóònù tó ń sọ pé wọ́n ti pa fóònù náà, á sì dá a padà sínú báàgì. Nílé, Delight sọ fún mi, abọ́ mẹ́ta ni ìyá òun ń gbé kalẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, á sì bu oúnjẹ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀gbọ́n Raphael, Ọlápọ̀sí, wá bá a nígbà mẹ́ta. Ó fẹ́ kí wọ́n ṣe ìsìn ìdágbére fún àbúrò òun ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí orúkọ rẹ̀ má kàn máa léfòó lórí omi bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ ní òun ò lè ṣe é láìjẹ́ pé ìyàwó fọwọ́ sí i. Sabina ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù. Wọ́n sì ń ní sùúrù, oṣù ń gorí oṣù. Delight ni ó ń dùn mí jù. Ọmọ náà kò mọ̀ bóyá ọmọ tó ní bàbá ni òun tàbí ọmọ òrukàn, kò sì lè béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Yorùbá ní kí ọmọ ẹni kú, ó yá ju kí ọmọ ẹni nù lọ. Ó wá sí mi lẹ́nu lọ́pọ̀ ìgbà láti sọ ọ́ fún Sabina, mo sì gbé e mì.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí Tíṣà Bámilóyè gbé ìwé rẹ̀ wá ní oṣù kẹsàn-án.

Tíṣà yìí ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní sáyẹ́ǹsì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé náà, ní Yorùbá, nípa bí ènìyàn yóò ṣe tẹ ìlú dó sórí Máàsì, ayé pupa tí à ń rí lójú ọ̀run bí ìràwọ̀. Ẹ̀dà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló fẹ́, ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì ló sì fẹ́ fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ ní ilé ìwé. A kì í ka ohun tí à ń tẹ̀ ní Ṣómólú. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, tí a bá ní ká máa kà á, ta ni yóò ká bébà? Ṣùgbọ́n bí Sabina ṣe ká abala àkọ́kọ́, mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń kà á.

Abala àkọ́kọ́ sọ nípa ìrìn àjò. Oṣù bíi méje ni ọkọ̀ yóò fi rìn kí ó tó dé Máàsì. Sabina gbé ojú sókè, ó ka oṣù lórí ìka rẹ̀.

"Àǹtí Rashidat," ó ní, "a jẹ́ pé Raphael ì bá ti débẹ̀ báyìí."

Mo ní kí ó na bébà tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sí mi.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ka ìwé yẹn sí mi létí bí a ṣe ń ká a, àfi bíi pé lẹ́tà láti ilé ni. Afẹ́fẹ́ tí ènìyàn lè mí kò sí níbẹ̀, ẹ̀rọ ni yóò máa ṣe é, ẹ̀rọ náà kò sì gbọdọ̀ sinmi. Omi wà, ṣùgbọ́n ó ti dì sínú ilẹ̀, wọn yóò máa wà á, wọn yóò máa yọ́ ọ, wọn yóò sì máa sẹ́ ìtọ̀ ara wọn mu. Ibẹ̀ ni Sabina ti ní kò sí ìyàtọ̀, ó ní orí omi ni àwọn ń gbé ní Bàrígà, síbẹ̀ àwọn ń fi ọkọ̀ lọ ra omi mímu. Ilẹ̀ ibẹ̀ ní iyọ̀ kan tó jẹ́ májèlé, ẹni tó bá fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ yóò kọ́kọ́ fọ ilẹ̀. Eruku rẹ̀ ń wọ ìdí ohun gbogbo. Ìtànṣán láti ojú ọ̀run ń ba ara jẹ́, tó fi jẹ́ pé wọn yóò ní láti wa yẹ̀pẹ̀ bo òrùlé ilé wọn. Mo ní kí ló wá dé tí ọmọ ènìyàn yóò fi kúrò ní ilé bàbá rẹ̀ lọ sí irú ibẹ̀. Sabina ní ohun tí àwọn ènìyàn òun bi àwọn gan-an nìyẹn, nígbà tí àwọn ń bọ̀ l'Ékòó.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Tíṣà wá wo ibi tí iṣẹ́ dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń gbé báàgì ẹ̀yìn kiri bí akẹ́kọ̀ọ́. Sabina dá a dúró. Ẹ̀rù bà mí, nítorí a kì í bá oníbàárà jiyàn lórí ìwé rẹ̀. Ó ní òun rí i pé abala karùn-ún ni Tíṣà ti sọ nípa ilé, ó sì tún gbé ọ̀rọ̀ ilé ìyàgbẹ́ sí ìdajì ojú ìwé kan péré. Ó ní nígbà tí òun àti Raphael ri òpó mẹ́rin àkọ́kọ́, kí wọ́n tó kan ògiri rárá, ibi tí wọn yóò máa yàgbẹ́ sí àti ibi tí wọn yóò máa dáná sí ni ìjà kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ lé lórí. Pákó ni ilé, iná ẹnìkan lè jó ogún ilé. Ó ní èkejì ni ìṣó. Omi iyọ̀ ń jẹ ìṣó, kò sí oṣù tí Raphael kì í pààrọ̀ rẹ̀, Onípanu ló sì ti máa ń lọ rà á.

Tíṣà ní ọkọ̀ tí yóò máa kó ẹrù lọ sí Máàsì kò lè gbéra ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní oṣù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, torí ìgbà yẹn nìkan ni ayé méjèèjì máa ń sún mọ́ra.

"Kí wọ́n má kó ìṣó lọ nígbà náà," Sabina wí. "Alágbẹ̀dẹ ni kí wọ́n mú lọ."

Tíṣà yọ bírò, ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Mo rí i pé ó dùn mọ́ ọn, ó sì dun èmi náà pé ẹni tó gbọ́n tó báyìí ni ìyà ń jẹ. Sabina wá béèrè bí àwọn tó wà lọ́hùn-ún yóò ṣe máa bá ará ilé sọ̀rọ̀. Tíṣà ní ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà, nígbà míì ìṣẹ́jú mẹ́ta, nígbà míì ju ogún lọ, nítorí náà kò sí pé a ń sọ ọ́ wọ́n ń fèsì.

"Ṣé kò sí ìgbà tí ọ̀rọ̀ kì í dé rárá?"

"Ó wà, mà. Tí oòrùn bá bọ́ sí àárín àwa àti wọn, gbogbo ẹ̀ á dákẹ́. Ó máa tó two weeks."

Sabina ní ó dáa. Ó padà sídìí tábìlì, kò sì bi í ní nǹkan kan mọ́.

Ọjọ́ Mọ́ńdè la ká abala keje. Mo mọ̀ pé ọjọ́ Mọ́ńdè ni nítorí pé Sabina kò kàwé sí mi létí lọ́jọ́ náà. Ó ká a láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ètè rẹ̀ kò mì. Nígbà tó lọ sẹ́yìn lọ ṣanwọ́, mo mú ọ̀kan, mo kà á. Àìsàn ni ó fi bẹ̀rẹ̀, egungun tí yóò máa rọ nítorí pé ara fúyẹ́ níbẹ̀, eyín tí yóò máa ro ènìyàn níbi tí kò sí dókítà eyín. Nísàlẹ̀ ni Tíṣà ti kọ ọ́ pé bí ẹnìkan bá kú lọ́hùn-ún, kò ní ṣeé gbé wálé. Àwọn ará ilé ni yóò ṣe ìsìnkú láìrí òkú. Ó ní iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo ìtẹ̀dó náà lè jẹ́ ti àwọn tó dúró sílé, nítorí wọn yóò ní láti gba ohun tí ojú wọn kò rí gbọ́, kí wọ́n lè máa jẹun, kí wọ́n lè máa sùn. Mo dá ìwé náà padà sórí òkìtì. Ó ṣe mí bíi pé kí n lọ bá Tíṣà jà.

Túsìdé àti Ọjọ́rú ni Sabina kó ìwé jọ. Òun nìkan ló ń yí tábìlì po, nítorí èmi ń ká kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀ fún ẹlòmíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo ń rí i látibi tí mo wà. Ó ń rìn bó ṣe máa ń rìn, láìyára, láìfalẹ̀. Tó bá dé ibi òkìtì keje, á fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì to etí rẹ̀ kí ó gún régé, á sì máa lọ. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, mi ò rò ó sí nǹkan kan. Ọ̀gá ń gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn wọn, ó ń lẹ èèpo mọ́ wọn, ó sì ń gé etí wọn. Kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó ṣú, ọ̀ọ́dúnrún ti parí, ó ku igba tí a ti kó jọ ṣùgbọ́n tí ọ̀gá kò tíì lẹ̀.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ palẹ̀ tábìlì mọ́. Àwọn òkìtì yòókù ti tán, àyè wọn ṣófo. Òkìtì keje wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta gbáko, ó gún régé, ẹyọ kan kò dín.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ayọ̀. Mo ní ọ̀gá yóò wá máa wo ẹ̀yìn ìwé tirẹ̀ náà báyìí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo rántí abala tí ó jẹ́, ojú sì tì mí débi pé mo jókòó sórí bébà tí kì í ṣe ibi ìjókòó.

Mo pe ọ̀gá wá wò ó. Kò pariwo. Ó mú ìwé kan tí ó ti lẹ̀ tán, ó ya èèpo rẹ̀, ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àtẹ̀gùn náà sọ̀ kalẹ̀ dáadáa dé ẹsẹ̀ kẹfà, ó fo ọ̀kan, ó sì bọ́ sí ẹ̀kẹjọ. Nígbà tí Sabina dé, ọ̀gá nà án sí i.

"Mo mú un, ọ̀gá," Sabina wí. "Mo mọ̀ pé mò ń mú un."

Ọ̀gá ní kí ó wò ó. Sabina fi àtàǹpàkò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ṣe kọ́ ọ ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tó sì dé ibi tí àmì kò sí, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní kò sí níbẹ̀ lóòótọ́.

Ọ̀gá ní kí ó lọ sinmi nílé, ó ní òun àti Rashidat yóò tún un ṣe. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú àánú, àánú yẹn sì burú ju ìbínú lọ létí mi. Sabina mi orí.

"Èmi ni mo fò ó. Èmi náà ni mo máa fi sí i."

Igba tí a kò tíì lẹ̀ kò le, a kàn ń ṣí i láàárín ẹ̀kẹfà àti ẹ̀kẹjọ ni, a ń ki ẹ̀keje bọ̀ ọ́. Ara ọ̀ọ́dúnrún tó kù ni iṣẹ́ wà. A ń ya èèpo kúrò, a ń fi ọ̀bẹ ha gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ, a ń là á níbi tó yẹ láìfa bébà ya, a ń fi abala rẹ̀ sí i, kí ọ̀gá tó tún un lẹ̀. Odindi Ọjọ́bọ̀ la fi ṣe é, a sì tún bá a wọ Jímọ̀. Sabina ń mú abala keje lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí, ó ń wò ó kí ó tó fi sí i. Nígbà tí àkókò oúnjẹ tó lọ́jọ́ méjèèjì, kò mú fóònù.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni Tíṣà dé láti wá kó ìwé rẹ̀, nígbà tó ku bíi ogún. Ọ̀gá ṣàlàyé fún un, ó sì tọrọ àforíjì. Tíṣà ní kò sí wàhálà. Sabina kò dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.

"Sà, ẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ wọn lè fi má dé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Tí oòrùn bá wà láàárín."

"Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́?"

Tíṣà wo ojú mi, mo wo ilẹ̀. Mo rò pé ìgbà yẹn ló yé e pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ Máàsì nìkan ni obìnrin náà ń sọ.

"Ó gbọ́dọ̀ dé, mà," ó wí. "Tí ẹni yẹn bá wà láyé, á dé."

Sabina parí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi àkísà nu gọ́ọ̀mù kúrò ní ìka rẹ̀, ó sì mú fóònù jáde látinú báàgì. Mo rò pé nọ́ńbà yẹn náà ló fẹ́ pè. Ọlápọ̀sí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló pè.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ lọ bá pásítọ̀ mú ọjọ́. Raphael ti kú." Ẹni yẹn béèrè nǹkan kan, Sabina sì dáhùn pé, "Rárá o, wọn ò rí i. A ò ní rí i mọ́."

Èmi ni mo sunkún. Mo sunkún débi pé ọ̀gá ní kí n kúrò nídìí bébà, kí omijé má bà á jẹ́. Sabina kò sunkún. Ó ní kò dun òun, ó ní ibi tó yẹ kó ti máa dun òun ti kú tipẹ́, bóyá yóò jí lọ́jọ́ kan. Ó sì kó ìyókù ìwé náà pé, Tíṣà bá wa dì wọ́n, kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì ló kó wọn lọ.

Delight ló sọ èyí tó kù fún mi nígbà tí mo lọ kí wọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ yẹn, abọ́ méjì ni ìyá òun gbé kalẹ̀. Àwọn méjèèjì jẹun tán. Ìyá rẹ̀ wá mú ẹ̀kẹta láti orí pẹpẹ, abọ́ tí kò dọ̀tí, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó sì gbé e sínú àpótí.